Ìbúra Tí Ó Dínà Mọ́ Agbẹ̀bí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, Ọ̀tà mọ oko, ó sì mọ àkókò ìrun. Òṣèlú ni kò tíì mọ̀. Ìdìbò dé, ẹgbẹ́ méjì sì pín àdúgbò wa sí méjì. Ẹgbẹ́ bàbá mi kó àwọn baálé ilé jọ, wọ́n gbé Àlùkùránì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n búra pé ará ẹgbẹ́ kejì kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi: Ìwé Ọlọ́run ni wọ́n fi so àgbàlagbà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́!

Agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí a ní ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹgbẹ́ kejì ni òun àti ọkọ rẹ̀ wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrọbí mú ìyá mi, ọmọ kò sì wá. Igbe rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà wá. Agbẹ̀bí ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi dínà mọ́ ọn.

“Mo ti búra.”

Ìyá bàbá mi fìbínú dìde. “Ọwọ́ ta ni mo bí ìwọ gan-an sí? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ìyá agbẹ̀bí yìí ni? Aláìmoore!”

Wọ́n sáré pe Ààfáà. Ó ní, “Jẹ́ kó wọlé. Bọ́ tálákà mẹ́wàá, ìbúra náà á tú kúrò lọ́rùn rẹ.”

Bàbá mi ní, “Ẹgbẹ́ ńkọ́, Ààfáà? Kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́?”

Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó ń bẹ̀rù rárá! Àwọn obìnrin ilé gbé ìyá mi jáde sí àárín ọ̀nà, wọ́n ta ìró yí i ká, inú eruku ni agbẹ̀bí ti gba àbúrò mi. Ìyá mi yè, díẹ̀ ló kù. Bàbá mi ṣì dúró, ó ń ṣọ́ ìloro tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wọ̀ mọ́.

Ayé ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kì í gbé Ìwé Ọlọ́run léni lọ́wọ́ mọ́ kí a tó kórìíra ara wa. Láti Ọ̀tà dé Ṣàngó, ọmọ ìyá kan náà ń dínà mọ́ra wọn nítorí ẹgbẹ́. Ìbúra bàbá mi ní ohun tí a lè fi tú u. Ẹ̀yin tí kò sí ẹni tó mú yín búra, kí ni a ó fi tú tiyín?