Ó-Máa-Gbà àti Káàdì Tó Kọ̀

Kò sí ẹni tó mọ olóògbé Ó-Máa-Gbà, atún-kọ̀ǹpútà-ṣe, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tó ná ọjà lórí fóònù. Kì í ṣe aṣọ ló ń ná, kì í ṣe bàtà. Nọ́ńbà ètò kọ̀ǹpútà ni.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fà á. Obìnrin yìí ń ya àwòrán ilé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ tirẹ̀ àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́: ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n ní kó mú àwòrán wá lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àfi bí ètò tó fi ń yàwòrán ṣe sọ ara rẹ̀ di tuntun lọ́jọ́ Ajé, tó sì kọ̀ láti ṣí. Ó ní ẹ̀dà kejìlá ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà lòun ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ káàdì àwòrán, pátákó kékeré inú kọ̀ǹpútà náà tó ń gbé àwòrán jáde, kò mọ̀ ju ẹ̀dà kọkànlá lọ.

"Ó máa gbà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ohun tó máa ń sọ nípa gbogbo ẹ̀rọ tó bá kú nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó fi ẹ̀dà kejìlá sí i lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ó yọ káàdì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó dá a padà. Ó tilẹ̀ bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Nígbà tí kò sí àyípadà, ó pe àwọn tó ṣe káàdì.

"Bàbá, káàdì yín ò lè lo ẹ̀dà kejìlá," ni ọmọbìnrin tó gbé fóònù wí.

"Mo ti fi sí i."

"Ẹ fi sí i lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ṣe káàdì yẹn ni wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe mọ́ ọn lára. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni ètò ń lò. Tí wọn ò bá kọ́ yàrá kẹta mọ́ ilé, kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣí i?"

Ó-Máa-Gbà gbé fóònù sí etí kejì. "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ ní mọ́kànlá, èmi ní méjìlá. Kò tó ìjà. Jẹ́ ká fi sí mọ́kànlá ààbọ̀."

Àbúrò rẹ̀ fi ìwé bojú. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ti gbé kọ̀ǹpútà tó já sínú omi wá bá a rí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sá a sóòrùn, tó jókòó tì í. Kọ̀ǹpútà náà jí, ó ń tẹ gbogbo lẹ́tà, àyàfi èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀gá. Ọ̀gá fárí gá. Ó-Máa-Gbà ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ṣáà mọ orúkọ yín, sà."

Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ojú àbúrò rẹ̀ ti pọ́n. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe."

"Fún ta ni? Tí bàtà ò bá gba ẹsẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ la máa gé ni?"

Ló bá da àpótí àwọn àwo ètò àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tú u títí ó fi rí ètò ìyàwòrán kan náà, ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èyí tí ẹ̀dà kọkànlá tó fún. Ó ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Mo ní ó máa gbà!" ló kígbe, bí ẹni pé káàdì ló ronú pìwà dà.

Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ kò lè ka àwòrán tí wọ́n fi tuntun yà. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé nìkan ló kù. Ó-Máa-Gbà fa àpótí ìjókòó, ó gbé gíláàsì wọ̀, ó ń ka ìwọ̀n, àbúrò rẹ̀ ń yà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà míì á dúró, á ní, "Kí ló dé tí aláìsàn á fi rìn jìnnà tó báyìí kó tó débi tó máa tọ̀?" Àbúrò rẹ̀ sún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ tòsí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé àwòrán lọ, wọ́n sì gbà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà, Ó-Máa-Gbà mú téèpù ìwọnlé dání. Ó wọn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí lẹ́ẹ̀mejì. "Sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta ló wà níbí. Mélòó ló wà nínú ìwé?"

"Ọgọ́rin, Bọ̀dá."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ìlà ìsàlẹ̀ ni mo kà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ kó gbà pé òun jẹ̀bi. Kò pẹ́ tó fi gbórí sókè, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ní, "Ó ṣáà gbà mí."

Ó ti kú láti ọdún tó kọjá. Lóṣù tó kọjá ni nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ oògùn ò wọ yàrá náà, kó wá ya bí wọ́n ṣe máa fẹ ilẹ̀kùn. Ó wá, ó wò ó títí, àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sọ ọ́ gidigidi. Ilẹ̀kùn tuntun, tó fẹ̀ dáadáa, ló yà sí ògiri kejì.

"Aúńtí, èyí àtijọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ká dí i pa?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Rárá o. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka ìwọ̀n rẹ̀ fún mi."

Ó nu ojú rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́, ó sì gba ibẹ̀ jáde.