Àwọn Onírọ́ọ̀kì Inú Sítọ́ọ̀ Aṣọ

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Mọ̀núrù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní agboolé wọn lẹ́yìn Ita Faji. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji Jíbrílù tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, fà á lọ́wọ́ dìde láàárín ẹbí, ó ní, "Èyí ti di tèmi." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Alhaji ló bọ́ ọ, Alhaji ló rán an níwèé títí ó fi ka ìwé mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì tó parí ìdánwò, Alhaji mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀pá ìwọnṣọ lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Hàwáwù, a máa sọ fún un pé, "Mọ̀núrù, bí Alhaji bá ní kí o dúró lójú kan, bí èèrà tilẹ̀ ń jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀, dúró."

Ó dúró. Ó di ọmọ ọdún méjìlélógún, kò tíì gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́dún 1972 ni Kàsímù, aládùúgbò wọn tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, ti ìrìnàjò dé pẹ̀lú jìtá pupa kan tó ń lo iná mànàmáná, àti àwo orin mẹ́rin. Rọ́ọ̀kì ni orin inú wọn, irú èyí tó le gan-an, tí jìtá ń ké bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Nígbà tí Kàsímù kọ́kọ́ gbé e sórí gíráámù, àwọn àgbà agboolé pariwo pé kó pa orin burúkú náà. Mọ̀núrù ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan wà láyé tó lè sọ̀rọ̀ báyẹn láìtọrọ gáfárà. Nígbà tí Kàsímù ń padà sójú òkun, ó fi jìtá náà sílẹ̀ fún un, ó ní, "Máa fi ṣeré, ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí."

Láàárín ọdún kan, wọ́n di mẹ́ta. Bashiru, káfíńtà ọmọ Ita Faji, ló ń lu ìlù jáàsì, ìyẹn ìlù òyìnbó tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù pọ̀. Òun náà ló fi pákó kan àpótí sìpíkà wọn. Ẹni tínínrín ni, ikọ́ fée sì ń bá a jà láti kékeré, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀pá ìlù mú, wàá rò pé ènìyàn mẹ́ta ni. Dáfídì, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kan, ló ń kọrin, tó sì ń lu jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ẹlẹ́nu ṣámúṣámú ni. Wọ́n sọ ara wọn ní Àrá Òkun.

Orúkọ kò ṣòro láti rí. Ibi tí wọn yóò ti lù ú ni ìṣòro. Wọ́n kọ́kọ́ lù ú ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà Bashiru. Ọjọ́ kẹta ni ìmáàmù mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rán ènìyàn sí wọn tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ pé ìrun ń dàrú mọ́ àwọn lẹ́nu. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, àwọn ayálégbé òkè da omi lé wọn lórí. Onílé ọtí kan gbà wọ́n láyè ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọn ò tíì kọ orin kẹta parí tó fi dé, tó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, àwọn oníbàárà mi ti ń gbé bíà wọn jáde síta. Ṣé ẹ ò mọ orin táa lè jó sí ni?"

Dáfídì ní, "Èyí náà ṣeé jó sí."

Onílé ọtí ní, "Ta ló fẹ́ jó o? Wèrè?"

Mọ̀núrù ló wá ronú kan sítọ́ọ̀ Alhaji. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni sítọ́ọ̀ náà wà, yàrá kan tí kò ní fèrèsé ju ihò mẹ́rin tó ní irin lókè ògiri lọ. Ìdì aṣọ kún un dé àjà: gíní, àǹkárá, léèsì. Lọ́jọ́ kan tó ń kó ọjà nínú rẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá sín, sísín náà kì í lọ síbì kankan. Aṣọ ló ń gbé e mì.

Ọwọ́ Ọláolúwa ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà. Ọmọ Iléṣà ni, ó ti lé lógójì ọdún, ó sì ti ń bá Alhaji ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò fẹ́ gbà lákọ̀ọ́kọ́. Mọ̀núrù, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Níkẹyìn, Ọláolúwa ní, "Ó dáa. Sunday nìkan. Màá tilẹ̀kùn mọ́ yín láti ìta ní aago mẹ́wàá kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí méguàdì bá rí sítọ́ọ̀ láìsí àgádágodo, olè ló máa pè yín. Aago mẹ́rin, màá wá ṣí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún oṣù mẹ́jọ. Wọn a to ìdì aṣọ dí ẹnu ilẹ̀kùn irin náà nínú, wọn a bọ́ ẹ̀wù, wọn a sì máa lù ú títí òógùn á fi máa kán sórí jìtá. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, Mọ̀núrù kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró níta, ó lè rò pé ẹnìkan ń lọ ata níbì kan tó jìnnà ni.

Sunday kan ní oṣù kẹta ọdún 1974, iṣẹ́ wọn gbóná ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde ti gbà láti gbọ́ wọn ní ọjọ́ Tuesday. Ọláolúwa ti wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nígbà tó ń ti àgádágodo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ lù ú dáadáa o."

Aago méjì, iná lọ. Jìtá méjèèjì kú lójijì, ìlù nìkan ló kù, Bashiru náà sì dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ kékeré tí fáànù ń fún wọn ti lọ. Wọ́n jókòó sórí ìdì aṣọ, wọ́n ń mu omi inú ìgò díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń retí aago mẹ́rin.

Aago mẹ́rin kọjá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Omi tán.

Dáfídì dìde. "Ẹ jẹ́ ká pariwo."

Mọ̀núrù ní, "Dúró ná. Bùọ̀dá Ọláolúwa ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀ láti ibo? Láti Iléṣà?"

"Bí a bá pariwo, méguàdì á gbọ́. Tí méguàdì bá gbọ́, Alhaji á gbọ́."

"Kí ó gbọ́!"

"Ìwọ kọ́ ni ọmọ rẹ̀," ni Mọ̀núrù wí.

Dáfídì kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó kígbe lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ gbá ìdì aṣọ tó dí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì ń padà sínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí. Ooru mú wọn débi pé òórùn aṣọ tuntun, tí Mọ̀núrù ti mọ̀ láti kékeré, wá ń rùn sí i bí oògùn apakòkòrò. Láti igun yàrá, wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó ń súfèé. Wọ́n yíjú. Bashiru ni. Ó ti tẹ̀ síwájú, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, èémí rẹ̀ ń ha lọ́fun, àyà rẹ̀ ń wọlé ó ń jáde, ẹnu rẹ̀ sì ti ń dúdú.

"Níbo ni oògùn rẹ wà?" ni Dáfídì bi í.

Bashiru mi orí. Ilé ló wà.

Mọ̀núrù sọ lẹ́yìn náà pé òun kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe pẹ́ tó tí òun fi dúró tí òun ń wo Bashiru. Ó lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú náà, ojú Alhaji ló rí, kì í ṣe ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dójú tì í jù nìyẹn. Ó wá sáré lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìdì aṣọ lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dáfídì bá a fà á. Nígbà tí irin ilẹ̀kùn hàn, Mọ̀núrù gbé ìlù tó tóbi jù, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún ilẹ̀kùn náà, gbàà! Ó tún gún un. Ó ń gún un, ó ń kígbe, "Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin ará Ìdúmọ̀tà, ẹ gbà wá!" Igbe tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń jáde. Ìlù náà fọ́. Ó mú sìpíkà tí Bashiru kàn, ó fi gún ilẹ̀kùn títí òun náà fi ya.

Méguàdì gbọ́. Ó rò pé olè ni, ó sì sáré lọ sílé Alhaji. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé lójijì, Alhaji fúnra rẹ̀ ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó wo ìdì léèsì tó fọ́n ká ilẹ̀. Ó wo Mọ̀núrù tí kò wọ ẹ̀wù. Ó wo Bashiru. "Ẹ gbé e," ni ó kọ́kọ́ sọ. "Ẹ gbé e, kí ẹ máa sáré." Ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé Bashiru dé ọsibítù, Bashiru kò sì kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn lálẹ́ ọjọ́ náà ní pálọ̀ Alhaji. Bí Ọláolúwa ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Alhaji ránṣẹ́ sí i pé kó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ wá, nítorí ọjà tuntun ń bọ̀ láti wọ́ọ̀fù, òun sì fẹ́ ṣí sítọ́ọ̀ fúnra òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọláolúwa kó wọn fún un. Ó fẹ́ sọ, kò lè sọ. Ó ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Alhaji láti aago kan títí di ìgbà tí méguàdì dé, kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́.

Alhaji ní, "Ọláolúwa, ọdún mẹ́sàn-án. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ rẹ, o fi ti ọmọ àbúrò mi mọ́lé bí ewúrẹ́, o sì wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Má wá mọ́."

Ọláolúwa gbójú sókè wo Mọ̀núrù lẹ́ẹ̀kan péré. Mọ̀núrù la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé òun ló bẹ̀ ẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mi orí fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn tó fi kígbe lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá a, kò rí i. Ọláolúwa dìde, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Alhaji," ó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni Alhaji yíjú sí Mọ̀núrù. Kò nà án. Kò tilẹ̀ bínú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ẹni nìkan ló ṣeé fọkàn tán. Láti òní lọ, ìwọ ni alábòójútó." Ní ti jìtá pupa náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá òun fúnra rẹ̀, kó má bàa sọnù. Ìbá sàn kí ó fọ́ ọ.

Ọjọ́ Tuesday, inú sítọ́ọ̀ ni Mọ̀núrù wà, ó ń ka ìdì aṣọ tuntun. Dáfídì nìkan ló lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo orin náà. Ọ̀gá náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní kó wá máa gbe orin fún ẹgbẹ́ jùjú kan. Dáfídì gbà. Ó wá sọ fún Mọ̀núrù ní ṣọ́ọ̀bù, kò lè wò ó lójú. Bashiru padà sídìí pákó rẹ̀. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ eruku, ṣùgbọ́n kí ni káfíńtà yóò ṣe?

Ọdún méjì gbáko ló kọjá kí Mọ̀núrù tó wá Ọláolúwa lọ. Ó bá a ní Ita Faji, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan. Ó ti hewú. Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀.

"Bùọ̀dá, mo wá tọrọ àforíjì. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ọláolúwa ń to bọ́tìnnì sínú agolo. "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí," ni ó wí. "Ọ̀rẹ́ yín yẹn, tó ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń gbádùn díẹ̀díẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun. Òun ni mo máa ń rò. Mo jókòó síbẹ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ." Ó gbé ojú sókè. "Mi ò bá ọ bínú, Mọ̀núrù. Àmọ́ má wá síbí mọ́. Bí mo bá ti rí ọ, gbogbo rẹ̀ ló ń padà wá."

Mọ̀núrù ní òun gbọ́. Wọ́n ti ń kírun ọ̀sán tán ní mọ́ṣáláṣí tí Alhaji ti ń kírun, oníbàárà méjì láti Ìjẹ̀bú yóò sì ti máa dúró dè é lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì yára gba ọ̀nà Ìdúmọ̀tà.