Ìyá Kóòṣì Kò Dìde

Òórùn òwú tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù. O lè rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwa tí a kọ́ eré náà ní Ìsẹ́yìn. Pápá ilé ìwé wa kò ní ògiri. Agbo ilé àwọn ahunṣọ ló kángun sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, àárín òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sínú oòrùn ni yóò balẹ̀ sí, èébú yóò sì tẹ̀ lé e. Ìyá kan ṣoṣo ni kì í bú wa nínú agbo ilé yẹn. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo sì máa ń hán an. Bí awọ bọ́ọ̀lù bá já lójú rírán, a ó gbé e lọ bá ìyá náà lórí òfì, yóò fi ọ̀kọ̀ ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò mú òwú tó bá wà nítòsí, yóò sì rán an. Bọ́ọ̀lù wa kò rí bíi ti àwọn ará Ìbàdàn rárá. Òmíràn á ní ojú rírán aláwọ̀ ewé, òmíràn á ní ti ẹ̀lú. Bí a bá ní, "Ìyá Gbénga, ẹ ṣé o," yóò ní, "Ẹ máa jù ú jẹ́ẹ́jẹ́ o," bí ẹni pé ẹnì kan wà tó ń ju irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

O mọ̀ pé a kì í pe àgbà lórúkọ lọ́dọ̀ wa. Títí dòní n kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Gbénga ni àkọ́bí rẹ̀, orúkọ Gbénga ni gbogbo ìlú sì mọ̀ mọ́ ọn, látorí pásítọ̀ dórí àwọn tó ń wá ra aṣọ.

Nígbà tí a dàgbà, èmi di olùkọ́ ní Òtù, Gbénga di kóòṣì. Kò tíì gbéyàwó. Bésíbọ́ọ̀lù ni ìyàwó rẹ̀, bí a ṣe máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Á gun ọ̀kadà lọ sí Ilero, á tún gbabẹ̀ lọ sí Ṣakí, á máa kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní eré tí àwọn òbí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó ń gbẹ́ odó ló máa ń bẹ̀ kí wọ́n gbẹ́ igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà Ilero yẹn náà ni ọkọ̀ agbégẹdú kan ti gbá a pa.

Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé lọ́sẹ̀ yẹn ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Gbénga pe gbogbo wa jọ. "Òbí kì í sin ọmọ," ó ní. "Tí obìnrin yìí bá gbọ́, òkú méjì la máa sin. Kí ẹnikẹ́ni má wí fún un." A sin ọ̀rẹ́ mi sí Ilero. A sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti gba Ìjìó kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pé wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn, àti pé fóònù kì í wọlé níbi tó wà. Ìyá náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa," ó ní. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ." Ó padà sórí òfì rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá kọjá, a ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o." Bọ́lá ni àbúrò Gbénga obìnrin. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ Gbénga kàn wúwo lẹ́nu gbogbo wa ni.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wa pinnu láti bu ọlá fún àwọn eléré, àwọn kóòṣì àti àwọn tó ti ran eré náà lọ́wọ́. Ìsẹ́yìn ni wọ́n fi sí lọ́dún náà. Àwọn àgbà eléré wá láti Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, orúnkún ń dun àwọn kan, ikùn ti yọ síwájú àwọn mìíràn, síbẹ̀ wọ́n ń fi ọwọ́ òfìfo ju bọ́ọ̀lù fún ara wọn nínú gbọ̀ngàn bí ọmọdé. Wọ́n to àwòrán àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá sí ara ògiri iwájú. "Olóògbé" wà níwájú orúkọ Gbénga. Bọ́lá ni yóò gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ó ti sọ fún ìyá wọn pé ìgbéyàwó lòun ń lọ.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, tó ti Ìbàdàn wá, ló gbọ́ pé ìyá kóòṣì wà nílùú, ló bá fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ire ló rò pé òun ń ṣe. Bọ́lá di apá mi mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Mo sáré bá atọ́kùn ètò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe olóògbé mọ́ kóòṣì wa. Ìyá rẹ̀ ló ń wọlé yẹn. Kò mọ̀."

"Kò mọ kí ni?"

"Kò mọ̀ pé ọmọ òun ti kú."

Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni wo wèrè, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó ní kí ìyá náà fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn, kó má baà fura. Mo ní kó pè é ní Ìyá Bọ́lá. Mo ní kí ẹni tó sanra jù nínú ẹgbẹ́ wa lọ fi ẹ̀yìn ti àwòrán Gbénga. Ó sì lọ dúró níbẹ̀, ó ń làágùn.

Nígbà tó kan Gbénga, atọ́kùn ètò sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó yá àti sùúrù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó fo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni fo kòtò. "Ìyá rẹ̀ ló máa bá a gbà á. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Bọ́lá!"

Àtẹ́wọ́ ròkè. Ìyá náà kò mira. Wọ́n tún un pè. Ó gbé ọwọ́ lé àpò tó wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo iwájú. Mo tẹ̀ síwájú, mo sọ sí i létí: "Mà, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

"Èmi kọ́," ó ní. "Bọ́lá ò ju bọ́ọ̀lù rí."

Nígbà náà ló wá dìde, ó rìn lọ síwájú, ó dúró níwájú ọkùnrin tó sanra náà. "Yàgò, kí n rí ọmọ mi." Ọkùnrin náà yàgò. Ìyá náà wo àwòrán títí.

"Ọjọ́ tí gbogbo agbo ilé jí tí wọn ò pe Gbénga mọ́ mi mọ́ ni mo ti mọ̀," ó ní, kò sì gbé ohùn sókè. "Ta ní í fi àkọ́bí sílẹ̀, kó máa pe ìyá mọ́ àbúrò, nígbà tí àkọ́bí wà láàyè? Ẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi. Mo rí i pé ó ń wọ̀ yín lọ́rùn, lèmi náà bá fi pamọ́ fún yín. Ó ti tó. Ẹ pè mí dáadáa."

Àṣé nínú gbogbo irọ́ tí a fi ìṣọ́ra hun, ẹnu wa gan-an ló ti tú u, láti ọjọ́ kìíní. Àṣé àwa tí a rò pé à ń gbé ìyá yìí pọ̀n, òun ló pọ̀n wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Atọ́kùn ètò tún un pè. "Ìyá Gbénga!"

"Mo wà níbí o," ó dáhùn.

Ó gba ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpò, ó mú bọ́ọ̀lù kan jáde, òwú pupa yí i ká. "Gbénga ní kí n bá òun rán an kó tó di Sátidé," ó wí fún mi. "Mo rán an tán. Hán an." Ó jù ú sí mi, jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ méjèèjì àti àyà mi ni mo fi gbà á, mo sì sunkún níwájú gbogbo ìpínlẹ̀.

Mo ti ronú lé e títí. N kò ní sọ pé àṣà kò dára. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ ló mú wa dákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́ yẹn, a ti gba ohun tí ikú kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ikú mú Gbénga lọ, àwa la mú Ìyá Gbénga. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn. Òfì ń dún. Mo ní, "Ìyá Gbénga, ẹ kú iṣẹ́ o." Òfì dákẹ́.

"Tún un pè," ó ní.