Agbárí Màlúù Níwájú Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ tí Don Eleuterio Arellanes gbé agbárí màlúù wọlé síwájú ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣì fi ń rántí rẹ̀. Nígbà tí Mẹ́síkò ń ṣàkóso Kalifọ́níà, wọ́n fún un ní ilẹ̀ tó ti ń da màlúù. Ìwé rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ níbi igi ńlá kan lẹ́bàá odò, ó sì parí síbi agbárí màlúù tó wà lórí àpáta. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà gba ìjọba, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá fi ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ lọ nìyẹn.

"Agbárí wo?" ni agbẹjọ́rò ìjọba ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ó tiẹ̀ wà?"

Lọ́jọ́ kejì, Don Eleuterio, bàbá náà, gbé e kalẹ̀ gbì lórí tábìlì. "Òun nìyí. Ẹ kí i."

"Bàbá, ẹ ti gbé ààlà yín kúrò nílẹ̀. Níbo wá ni ilẹ̀ yín parí sí báyìí?" ni agbẹjọ́rò ìjọba bi í.

"Títí n ó fi gbé e padà, ọmọ mi, kò parí síbì kankan."

Doña Tomasa, ìyàwó rẹ̀, fi ìborùn bojú lẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n bí ọmọ mẹ́jọ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó gbójú sókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nílé aṣòfin, níbi tí àwọn aládùúgbò ti yàn án ṣe aṣojú wọn. Ó ní òun ò ní dìbò sí òfin tí wọn kò bá kà létí òun lédè Sípéènì. Wọ́n ní ògbufọ̀ ti lọ jẹun. Bàbá yọ ẹran gbígbẹ lápò, ó ń jẹ, gbogbo ilé sì ń dúró. Ògbufọ̀ dé, ó kà á tán. Bàbá ní òun kò fẹ́ ẹ.

"Ẹ ti mọ̀ látàárọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ẹ!" ni aṣòfin kan kígbe.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ̀."

"Ẹ rọra," ni Doña Tomasa máa ń bẹ̀ ẹ́ nílé. "Ọwọ́ wọn ni ilẹ̀ wa wà."

"Ìwé ilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, Tomasa."

Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹjọ́ náà gbà. Ní ọdún keje, bàbá kú lórí ibùsùn rẹ̀, níbi tó ti ń bá agbẹjọ́rò tirẹ̀ jiyàn.

Nígbà tí ìdájọ́ dé pé wọ́n jàre, àwọn aládùúgbò pa màlúù, wọ́n ń jó. Doña Tomasa ní kí wọ́n gbé òun sórí ẹṣin, ó sì dá gun òkè tí wọ́n ti ń rí gbogbo ilẹ̀ náà. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi.

"Don Eleuterio," ó wí, "wọ́n ní tiwa ni o."

Ó mọ ohun tí ìbá fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bá a sọ ọ́: "Ta ló bi wọ́n léèrè?"