Ìkòkò Tíì Tí Wọ́n Ní Mo Jí

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ apartment bàbá tí mò ń tọ́jú ní Uptown, báàgì mi ṣì wà ní èjìká, ló bá na ọ̀pá rẹ̀ sí orí ṣẹ́ẹ̀fù, ó ní ìkòkò tíì fàdákà òun dà? (Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó". Ẹ kà á tán ná!)

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ fún mi, sir." Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní òun kò fún mi ní nǹkan kan rí, òun ti pe agency tó gbà mí síṣẹ́, ọlọ́pàá ló kù. 

Ta ni bàbá yìí? Ọmọ ìlú ọba ni. Ọ́fíìsì físà ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ìjọba wọn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n gbé e kiri ilẹ̀ òkèèrè, ipò rẹ̀ ń ga sí i, títí wọ́n fi fi í ṣe consul, aṣojú ìjọba wọn, ní Houston níbí. Ibí ló fẹ̀yìn tì sí. Ìyàwó rẹ̀, ará Texas, ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ ní Clear Lake.

Bí mo bá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á máa ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni ti ojú fèrèsé físà l'Ékòó. Ó ní bí ènìyàn bá ṣe di apòòwé mú lòun fi ń mọ òpùrọ́. Ọkùnrin kan wá, ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn ní London. Bàbá kò fún un ní físà. Kí ló dé? Ọkùnrin náà ń làágùn jù! L'Ékòó! Ta ni kì í làágùn níbẹ̀? Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ẹ dárí jì mí, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ iṣẹ́.

Ní Mọ́ńdè yẹn, ó ní kí n jókòó síwájú òun, ó sì ṣí ìwé kan. Orúkọ mi ní kíkún ńkọ́? Ọjọ́ wo lòun fún mi ní ìkòkò? Ta ló wà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀! Èmi àti òun nìkan ni. Ó wo iwájú orí mi, ó ní mò ń làágùn.

Ọlọ́pàá wá gbé ìkòkò náà ní kíṣínì mi ní Pearland, lójú àwọn ọmọ mi. Agency ní kí n dúró sílé. Bẹ́ẹ̀ ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún citizenship! Lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé bí orúkọ olè bá lẹ̀ mọ́ mi, kí n má tíì máa sọ ti citizenship, àní green card mi gan-an lè lọ. N kò lè jẹun, n kò lè gbàdúrà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló wá bá mi lórí àga. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, "Dúró ná. Ìkòkò wo? Èyí tí mo bá ọ dúpẹ́ ẹ̀ yẹn?"

Háà! Mo ti gbàgbé pátápátá. Lọ́jọ́ kejì tí bàbá fún mi ní ìkòkò, mo bẹ Àǹtí kí wọ́n bá mi dúpẹ́, bí a ti ń ṣe nílé. Wọ́n pe fóònù ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e, wọ́n bá sọ̀rọ̀ sínú voicemail. Mo tiẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó kì í gba ọpẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Pa ẹnu dé, ìyàwó. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù ni."

Wọ́n fi fóònù mi pe ọmọ bàbá. Ohùn rẹ̀ tutù bíi yìnyín, ó ní kí a má pe òun mọ́. Àǹtí kò jà. Wọ́n ní, "Madam, bọ́tìnnì kan péré ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bàbá yín."

Ọjọ́ méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà pè. Ó ti gbọ́ Àǹtí tó ń pariwo pé "Daddy, good morning sir," tó ń dúpẹ́ ìkòkò tíì fàdákà tí wọ́n fún ìyàwó wa lánàá, tó sì ń ṣàdúrà títí ẹ̀rọ fi gé e. Ó gbé e fún bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó ní bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń yọ òun lẹ́nu l'Ékòó, ọpẹ́ lónìí, ọpẹ́ lọ́la. Bàbá fọwọ́ sí ìwé pé òun kò fẹ̀sùn kan mi mọ́. Kò bẹ̀ mí o!

Ṣé ó gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Títí dòní n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ àìgbani-gbọ́, iṣẹ́ náà kì í fẹ̀yìn tì lára rẹ̀.

Agency pè mí padà. Mo ní ó tó. Ìkòkò tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo ní kí bàbá máa gbé e lọ. Lọ́yà ló kù. Mo wà nínú mọ́tò níwájú daycare tí mo wá ń ṣiṣẹ́ báyìí nígbà tó pè mí pé kò sí ohunkóhun mọ́ lára orúkọ mi, kí n lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò citizenship mi. Mo sunkún, mo pe Àǹtí.

Wọ́n ní, "A dúpẹ́. Ọmọ bàbá yẹn ńkọ́, ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní mo ti dúpẹ́.

"Lẹ́ẹ̀kan? Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

Ẹ̀yin ará mi, bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan nílẹ̀ yìí, ẹ má dá nìkan dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Ta nínú yín ni wọ́n ti pè ní olè rí lórí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún un? Ẹ sọ ọ́ síbí. Èmi á gbà yín gbọ́.