Omi Nìkan Ni Màmá Ń Gbọ́

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ inú ilé èmi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. Ó yẹ kí wọ́n ti wá bá wa wẹ ọmọ, àkọ́bí wa, ṣùgbọ́n kòrónà ti sọ ayé di kónílé-ó-gbélé, ọkọ̀ kì í rìn láti ìlú dé ìlú. Ni wọ́n bá ní kí ìyàwó mi máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù láràárọ̀, kí àwọn lè máa ki ọmọ bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́.

Èmi á ti wà níbi iṣẹ́ nígbà náà. Ilé búrẹ́dì kan l'Ágége ni; wọn ò ti tiwa, nítorí ènìyàn ò lè ṣe kó má jẹun.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìkómọ tí Màmá pè mí níbẹ̀.

“Ọkọ ọmọ mi, ọmọ wo ni wọ́n ń wẹ̀ tí kì í ké? Àbí ẹja lẹ bí fún mi?”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Ọjọ́ kẹta rèé. Mò ń ki ọmọ, omi nìkan ni mò ń gbọ́. Lọ sílé.”

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀rọ̀ kan ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn tí n kò fẹ́ kó dé ẹnu mi: abísínwín.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Omi inú báàfù ti tutù. Kànìnkànìn gbẹ táútáú. Ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi wà ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí i jù, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?”

“Òun ni mò ń bẹ̀rù.” Kò wojú mi. “Tí mo bá ti gbé e sún mọ́ omi, ńṣe ni mò ń rí i pé ó ti bọ́, ó ti rì. Aṣọ ni mo fi ń nù ún. Màá wá máa bu omi, màá máa dà á padà, kí Màmá lè gbọ́.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo sọ. Oyún wà lóṣù méje, mo ní ẹ̀rù ń bà mí, n kì í rí oorun sùn. Ẹ ní aboyún kì í fẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Ẹ ní kí n máa dúpẹ́.”

Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé wa ni mo sọ, mo sì rò pé mo ti tọ́jú rẹ̀.

Mo pe Màmá. Wọ́n ní kí n gbé omi mìíràn kaná, kí n na ẹsẹ̀ mi, kí n tẹ́ ọmọ lé e, kí n wẹ̀ ẹ́.

“Di ọrùn mú. Rọra, kì í ṣe búrẹ́dì.”

Ọmọ figbe ta. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ìyàwó mi ò kúrò ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ kan yọ.

Lọ́jọ́ kejì, a fi ìbòmú bo imú, a lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe abísínwín. Àìsàn ni, ó ń mú ọ̀pọ̀ abiyamọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ó wá bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi kọ́kọ́ wò mí kó tó dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, lọ́jọ́ tí aya yín ní ẹ̀rù ń ba òun, kí lẹ dá a lóhùn?