Okùn Pupa Ìyá Nọ́ńbà

Ìyá Nọ́ńbà ni gbogbo èbúté ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ta tẹ́tẹ́ o. Nọ́ńbà tó bá ti rí lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀, nọ́ńbà náà ló sì ń kọ sínú ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí kápúténì ń jókòó sí ni wọ́n ń dè é mọ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa ké ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú pé: ọkọ̀ báyìí ni mí, ibí ni mo wà, bí mo ṣe gùn tó nìyí. Ọkọ̀ mìíràn tó bá ní irú rẹ̀ á rí i, ìbáà jẹ́ nínú kùrukùru.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn èèyàn ní yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò tì í. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òfin dé pé ọkọ̀ apẹja kékeré pàápàá gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ yìí. Òfin náà kárí ìlú púpọ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun kò sì pọ̀. Gbogbo ayé wá na ọwọ́ sí abọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá béèrè fún tuntun, oṣù mẹ́fà ni yóò fi dúró. Ni àlòkù bá di ọ̀gá ọjà. Níbi tí wọ́n ti ń gé ògbólógbòó ọkọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọ́n á kó o sí páálí, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Nọ́ńbà.

Àrùn kan ló wà lára àlòkù. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó ti kú ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin yìí á so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó di ìgbà tó bá pa nọ́ńbà òkú rẹ́, tó kọ ti alààyè sí i, kó tó gé okùn. Kì í gé e ṣáájú. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà ọkọ̀ kan sórí ọkọ̀ mìíràn, láísẹ́ǹsì tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ nìyẹn. Iṣẹ́ onífàyàwọ́ ni wọ́n kà á sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń pẹja wọlé bí ẹni tí ajá ń lé.

“Àǹtí, omi ti ń fà o! Bí ẹ bá tún pẹ́, inú ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ mi máa sùn.”

“Ṣé èmi ni mò ń fa omi ni? Jókòó.”

“Ìjókòó wo? Ọkùnrin mẹ́rin ń dúró dè mí.”

“Kí wọ́n máa ka ìgbì.”

Ẹ̀rọ àlòkù tí àbúrò wá gbà wà lórí tábìlì, okùn pupa ọrùn rẹ̀ ń dí ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Ìyá Nọ́ńbà gé e, ó jù ú sápò. Ó ní kí òun wáá kọ nọ́ńbà. Iná lọ. Nígbà tí iná fi máa dé, àbúrò ti gbé ẹ̀rọ sáyà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Nọ́ńbà wo ọrùn ẹ̀rọ náà, kò rí okùn. Ẹni tí àmì ti mọ́ lára, àmì ló ń gbà gbọ́: ó rò pé òun ti kọ nọ́ńbà tuntun. Ó bá a dé inú ọkọ̀, ó dè é, ó fún un ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iná rẹ̀ tàn. Wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kùrukùru bo òkun bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo ìkòkò. Rédíò ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀.

“Àǹtí! Ẹ́ńjìnnì ti kú. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá la wà. Bátìrì rédíò náà ti fẹ́...”

Rédíò kú.

Ìyá Nọ́ńbà sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tí olùṣọ́ òkun ti ń wo àwọn ọkọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá èbúté wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn olùṣọ́.

“Ẹ wá àbúrò mi fún mi.”

Olùṣọ́ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Ó tún un tẹ̀. “Kò sí níbí, ìyá. Ṣé ẹ fi ẹ̀rọ sí i lóòótọ́?”

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dè é.”

“A jẹ́ pé ó ti rì nìyẹn,” ni olùṣọ́ sọ. Ọ̀gá fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ obìnrin náà wọ àpò láti wá ohun tí yóò fi nu ojú. Okùn ló bá níbẹ̀. Ó wò ó, ó rántí Ọjọ́bọ̀. Ó gé e. Iná lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀gá èbúté ló ń fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì, òun náà ló ń gbà á padà. Bí ó bá lanu, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ. Bí kò bá là á, ọkùnrin márùn-ún wà lórí omi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n wà.

“Nọ́ńbà òkú ló wà nínú ẹ̀rọ náà,” ló wí. “Mi ò pa á rẹ́. Ẹ tẹ èyí tí mo bá pè.”

Ó ń pè é, olùṣọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Ó ku méjì ní ìparí, ọpọlọ rẹ̀ ṣófo. Òun tí kì í gbàgbé. Ó di ojú. Ó rí ẹ̀gbẹ́ páálí, ó rí ẹfun tí òun fi kọ ọ́.

“Eéje. Eéjì.”

“Háà,” ni olùṣọ́ wí. “Èyí? Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí i! Ọkọ̀ agbépo ni, igba mítà ó lé ogójì. Mo rò pé ó ń dúró de àyè àtigúnlẹ̀ ni.”

“Wọ́n ti gé agbépo yẹn wẹ́wẹ́. Àbúrò mi nìyẹn.”

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. Àmì náà ń rọra sún lọ sọ́nà àpáta. “Ẹ rán ọkọ̀ ìdóòlà jáde! Kíá!”

Wákàtí méjì ni Ìyá Nọ́ńbà fi dúró, kò jókòó. Ìgbà tí rédíò sọ pé wọ́n ti mú gbogbo wọn láàyè, ọ̀gá yíjú sí i.

“Ìyá, ẹ mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n.” Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ìwé láísẹ́ǹsì kúrò lára ògiri, ó mú un wá. Ọ̀gá gbà á, kò lè wo ojú rẹ̀.

Àbúrò dé ṣọ́ọ̀bù, ó rin gbingbin, ẹ̀rọ wà ní abẹ́ abíyá rẹ̀.

“Àǹtí, ọkọ̀ ńlá kan dorí kọ wá tààrà. À ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àyà wa. Àfi bó ṣe yà gbáà! Mo ní àdúrà ìyá wa ni.”

“Agbépo ló rò pé ẹ jẹ́. Ta ló máa kọ lu agbépo?”

“Ọkọ̀ mi? Èyí tẹ́ ẹ ní ó dà bí ọpọ́n ìfọṣọ?”

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó rí ògiri. Ibi tí ìwé láísẹ́ǹsì máa ń wà mọ́ ju ara ògiri tó kù lọ.

“Àǹtí... èmi ni mo kán yín lójú.”

“Ọwọ́ mi ló gé okùn. Gbé e síbí.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Ìyá Nọ́ńbà kò tún láṣẹ láti fọwọ́ kan inú rẹ̀ mọ́. Ó fa okùn pupa jáde lápò, ó so ó padà mọ́ ọn lọ́rùn, ó ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.